Ìwo Ẹlẹ́ka Mẹ́ta

Oṣù kejì, ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná ìlú Pinedale,
ìlà àga mẹ́sàn-án la tò.
Àwọn tí kò ríbi jókòó fẹ̀yìn ti ògiri,
yìnyín ń yọ́ lára bàtà wọn.
Èmi ni mo ń bu kọfí.
Èmi náà ni mo ka òkú.

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn,
tí ilẹ̀ funfun láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin:
kí n máa rìn létí odò Green pẹ̀lú báírò àti ayùn kékeré,
kí n wá àgbọ̀nrín elétí ìbaaka níbi tó ká sí
lábẹ́ igbó ewé kíkorò, bí ẹni tó kàn sùn lọ,
kí n rẹ́ egungun itan rẹ̀, kí n yẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀ wò.
Bó bá funfun tó dì, nǹkan mìíràn ló pa á.
Bó bá pupa tó ń ṣàn bí omi ata,
ebi ni.

Pupa.
Pupa.
Mo yí ojú ìwé. Pupa.

Ìyá mi pè láti Ìlá Ọ̀ràngún:
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Ta ló wá rán ọ ní kíka ọmọ inú igbó?"
Mo ní, "Màmá, ìjọba ni."
Ó ní, "Háà. Ó dáa. Ṣó o ti jẹun?"

Twyla Haugen, ọ̀gá wa, dìde níwájú àwọn ọdẹ.
Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yìnbọn fún abo lọ́dún yìí.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún di mẹ́rìnlá.
Akọ tí ìwo rẹ̀ kò bá yọ ẹ̀ka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ẹ jẹ́ kó máa lọ.
Ẹ̀ka tí kò sì tó ínṣì kan, kì í ṣe ẹ̀ka.

Verlin Stoddard bọ́ fìlà. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.
"Ṣé yìnyín mọ̀wé kà?
Ṣé wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ta dí ọ̀nà
tí ìyá ẹran fi han ọmọ ẹran,
ṣé yóò ká ara rẹ̀ kúrò nítorí ìwé yìí?
Àwọn kànga gáàsì orí òkè ńkọ́,
ẹ̀ka mélòó ni tiwọn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Twyla kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Verlin, ìbọn nìkan ló ń gbọ́ òfin."
Kọfí kún ife tí mo mú dání, ó dà sí mi lọ́wọ́.

Oṣù kẹwàá. Mo wà ní ibùdó àyẹ̀wò lẹ́bàá títì,
mo ń wo eyín, mo ń wọn ìwo,
mo ń gé kókó ọrùn sínú ọ̀rá nítorí àrùn tó ń gbẹ ẹran dànù.
Ọkọ̀ Verlin dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.
Jorie, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sọ̀ kalẹ̀,
ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ya ìwo sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
"Méjì yìí dájú. Ẹ̀kẹta rèé.
Ó tó báyìí. Tàbí báyìí.
Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́.
Ṣé mo kà á dáadáa?"

Mo ní mi ò sí níbẹ̀.
Bàbá àgbà kò pa ẹ́ńjìnnì, kò wẹ̀yìn,
ó di ìdarí mú bí ẹni tí ọ̀nà ṣì jìn fún.

Fọ́ọ̀mù mi kò ní àyè fún ẹran tí a kò pa.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé:
ọ̀kan, akọ, ẹ̀ka méjì àti díẹ̀,
ó gba apá àríwá lọ, ní àárọ̀,
ó ń rìn ni, kò sáré.